Ibi tí Bẹ́líìtì Gbà Kọjá

Hadiyyah gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó gbé e gba orí kọjá, ó ń wá etí òsì. Híjáàbù funfun tí ìyá rẹ̀ wọ̀ fún un láàárọ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó di ojú pa, ó na ọwọ́ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, kí orí ìka rẹ̀ tó kan etí náà.

"Ó kàn án," ni Àkànbí, bàbá àgbà rẹ̀, wí. "O ti dàgbà. Wọlé sínú mọ́tò, ìyàwó mi."

Bí wọ́n ṣe wọn Àkànbí náà nìyẹn, lọ́dún tí bàbá rẹ̀ mú un lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin. Ìwé ọjọ́ ìbí kò sí, kò sì sí ẹni tó rántí oṣù tí wọ́n bí i. Tíṣà ní kó fọwọ́ gba orí kan etí, ọwọ́ kò tó o, wọ́n ní kó padà sílé kó lọ jẹun sí i. Lọ́dún kejì ó kàn án, wọ́n sì gbà á. Láti ọjọ́ náà ni Àkànbí ti gbà pé kò sí ìwé ìjọba tó mọ ọjọ́ orí ọmọ tó ọwọ́ àti etí. Gbogbo ọmọ tó bí ló fi wọ̀n. Ohun tó sì fi wọn Hadiyyah náà nìyẹn ní àárọ̀ Sátidé yìí, nínú ọgbà ilé Safiyat ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Màlété, nígbà tí mọ́tò ti ń dún tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àga kan ló fà á tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Hadiyyah ní àga kékeré kan tí wọ́n máa ń gbé lé ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò kó tó jókòó lé e, kó lè ga tó ibi tí bẹ́líìtì ti máa bá a lára mu. Inú mọ́tò Kàbírù bàbá rẹ̀ ni àga náà ń gbé, Kàbírù sì ti wa mọ́tò náà lọ sí Bídà láti Ọjọ́bọ̀ fún iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí àga. Òwúrọ̀ yìí gan-an, nígbà tí Àkànbí ti Ìlọrin dé láti wá gbé wọn, ni Safiyat tó fọwọ́ lé orí pé yéè, àga ti bá bàbá Hadiyyah lọ sí Bídà.

Àkànbí kò rí ohun tó ń ṣe yéè níbẹ̀. Ọjọ́ wọ́límọ̀ Hadiyyah ni, ayẹyẹ ìkéwú rẹ̀. Ọmọ náà ti kéwú láti Fátíhà dé súrà Sàbíhì, yóò sì kà á lójú gbogbo ẹbí ní agboolé wọn ní Pàkátà, òun ni yóò sì kọ́kọ́ ṣe é nínú àwọn ọmọ-ọmọ Àkànbí. Aago mẹ́wàá ni. Alfa Abdulmuiz tó ni ilé-kéwú náà kì í ṣe ẹni tó ń fi àkókò ṣeré. Ó ti kìlọ̀ fún gbogbo òbí pé ọmọ tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò bá sí níkàlẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Àkànbí tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì náà ń bọ̀. Ó ti wọ agbádá funfun tó ń dún wàrà-wàrà nínú sítáàṣì, ó sì ti dé fìlà tó ń dé lọ́jọ́ ọdún nìkan.

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni Àkànbí ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Láti Ìlọrin dé Jẹ́bà, awakọ̀ tí kò bá mọ fèrè rẹ̀, àlejò ni. Kò ní kí ẹnikẹ́ni mú nǹkan wá, kò sì gba ẹ̀bẹ̀. Yóò kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu fèrèsé, yóò béèrè pé bẹ́líìtì dà, títí àwọn awakọ̀ fi sọ ọ́ ní Bàbá Bẹ́líìtì. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Ẹ wá fojú inú wo irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ wá sọ fún un pé bẹ́líìtì nìkan kò tó.

Safiyat gbé kúlà mọ́sà tí wọ́n dín fún àwọn àlejò jáde láti inú ilé, ó gbé e lé àga iwájú mọ́tò. Ó yí sẹ́yìn, ó rí Hadiyyah lórí àga lásán pẹ̀lú bẹ́líìtì lára rẹ̀. Kò pariwo. Ó rìn yípo mọ́tò lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ pẹ̀lú léèsì tuntun tó wọ̀, ó sì di ilẹ̀kùn mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Hadiyyah ò lè lọ láìsí àga."

"Ó ti fọwọ́ kan etí."

"Mo rí i, Bàbá."

"Ọmọ ọdún méje ni. Ẹ̀yìn ló wà, bẹ́líìtì wà lára ẹ̀. Ta ni ẹ̀ṣọ́ tó máa dá mi dúró nítorí ẹ̀? Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi mú òfin yìí dání ni mo ń bi ọ́."

"Kò sí, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró." Ó gbé ojú sókè díẹ̀. "Ẹ ṣáà bá mi wo ibi tí bẹ́líìtì yẹn gbà."

Àkànbí kò sọ̀ kalẹ̀. Ó yí ọrùn, ó wo ẹ̀yìn. Bẹ́líìtì náà gba abẹ́ àgbọ̀n ọmọ náà kọjá, ó ń ha á lọ́rùn. Ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lórí ikùn. Nítorí pé ẹsẹ̀ Hadiyyah kò tíì gùn tó kí orúnkún rẹ̀ lè tẹ̀ níbi tí àga pin sí, ó ti sún wá sí etí àga, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì kan ohunkóhun. Àkànbí rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn rí nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kó gbà pé òun rí i.

"Kó ti òkè ẹ̀ bọ abẹ́ apá," ló wí. "Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Wọ́n ní kí á má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mọ́tò bá dúró lójijì, egungun ìhà ẹ̀ ló máa gba gbogbo agbára ẹ̀."

"Ta ló ní?"

"Àwọn dókítà. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà sì sọ ọ́, Bàbá."

"Ìmọ̀ràn nìyẹn. Kì í ṣe òfin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ìmọ̀ràn ni," ni Safiyat wí lórí ìkúnlẹ̀. "Òun ni mo fẹ́ tẹ̀ lé."

Ẹni tó bá rò pé ohun tí obìnrin yìí ṣe rọrùn, kó lọ dán an wò nílé bàbá rẹ̀. Nínú ẹbí wọn, kò sí ẹni tó ń sọ pé rárá fún Àkànbí. Ìyàwó rẹ̀ tó ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, a máa ní bẹ́ẹ̀ ni, a sì lọ ṣe èyí tó wù ú. Àwọn ọmọkùnrin máa ń wá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbòmíràn. Safiyat fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì tó ń kọ́ àwọn géńdé ní ìṣirò ní yunifásítì, kò sọ ọ́ rí. Ó sọ ọ́ lónìí pẹ̀lú orúnkún méjèèjì nílẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì tún bẹ̀bẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Hàúwà tí a jọ ń kọ́ni ní irú ẹ̀ nílé," ló tún sọ. "Mo ti pè é. Mọ́tò tiẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni, kò lè gbé e wá. Tí a bá yà níbẹ̀, a ò ní pẹ́."

"Mi ò ní yà síbì kankan. Mo ti sọ tèmi."

Àkànbí sì pa mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni pé tí Safiyat bá rí i pé àkókò ń lọ, yóò rọ̀. Ohun tó bá yá, wọn kì í fi falẹ̀, ó sì dá a lójú pé ìyá kan kì í fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ pàdánù wọ́límọ̀ nítorí ike tí wọ́n fi tìmùtìmù bò.

Safiyat dìde. Ó bọ́ bàtà gogoro tó wọ̀, ó wọ sílípáàsì ilé, ó sọ fún Hadiyyah pé kó sọ̀ kalẹ̀ kí ooru má baà mú un nínú mọ́tò, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde ní ẹsẹ̀. Ilé Hàúwà wà ní òdìkejì ìlú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ fún ìsinmi, ọ̀kadà kò sì pọ̀ ní Màlété nígbà tí wọn kò bá sí. Àkànbí wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi kọjá ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tò, kò sì pè é padà.

Òun àti Hadiyyah jókòó sábẹ́ igi kajú. Ọmọ náà ń ka súrà rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé-kéwú. Ó kà á dé ìdajì, ó dákẹ́.

"Bàbá àgbà, ṣé ẹ ń bínú sí Mọ́mì ni?"

"Mi ò bínú." Ó bínú. "Ìwọ ni mo fẹ́ bi ní nǹkan. Ṣé àga yẹn ò ń tì ẹ́ lójú ni? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń jókòó bí àgbà."

"Ó ń tì mí lójú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kù díẹ̀. Ẹ wá wò ó."

Ó fa bàbá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́ wọ pálọ̀. Lára férémù ilẹ̀kùn tó já sí yàrá, wọ́n ti fi pẹ́ńsù fa ilà kéékèèké, ọ̀kan lórí òmíràn, wọ́n sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkànbí mọ ìkọ̀wé Safiyat. Ó tún wà bó ṣe wà nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Lókè gbogbo wọn, wọ́n fi bírò pupa fa ilà kan ṣoṣo. Kò sí ọjọ́ níbẹ̀, kò sì sí ọdún.

"Tí orí mi bá dé ti pupa yìí," ni Hadiyyah wí, "tí ẹ̀yìn mi bá kan ẹ̀yìn àga, tí ẹsẹ̀ mi tún kan ilẹ̀, tí bẹ́líìtì ò sì kàn mí lọ́rùn, a máa gbé àga fún ẹlòmíì. Mọ́mì ní kò kan ọjọ́ orí. Ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Ó lè jẹ́ méjìlá."

Àkànbí fi àtẹ́lẹwọ́ wọn àlàfo tó wà láàárín ilà tó kẹ́yìn àti ilà pupa náà. Ọwọ́ mẹ́ta. Ó tún un wọ̀n, ọwọ́ mẹ́ta náà ni. Ó wo àwọn ọjọ́ tó wà níbẹ̀: oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, láìfo ọ̀kan, láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń rìn tàgétàgé. Kàbírù kì í sábà sí nílé. Obìnrin yìí nìkan ló ń pe ọmọ rẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, tó ń gbé rúlà lé e lórí, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àkànbí padà sábẹ́ igi kajú. Ọkàn rẹ̀ kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti mú ìbínú náà dání kò le mọ́ bí ti àkọ́kọ́.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Safiyat tó yọ. Orí ló gbé àga náà sí. Ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó sì fi ọwọ́ kejì ká ìdí léèsì rẹ̀ sókè kó má baà wọ́ nílẹ̀, erukú ti dé kókósẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń patẹ lẹ́bàá ọ̀nà ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ó ń dá wọn lóhùn, kò sì dín ìrìn kù. Àwọn kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín, nítorí wọn kò rí i rí kí olùkọ́ yunifásítì ru ìjókòó mọ́tò kọjá lójú títì bí ẹni ru igi. Àkànbí dìde dúró nígbà tó rí i. Kò mọ ìdí tí òun fi dìde. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Safiyat gbé àga náà lélẹ̀, ó tì í kó rí i pé ó dúró dáadáa, ó gbé Hadiyyah lé e, ó sì fa bẹ́líìtì. Ó fi ìka tọ ọ̀nà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: lórí egungun èjìká, láàárín àyà, kí ti ìsàlẹ̀ sì sùn lórí itan. Ẹ̀yìn ọmọ náà kan àga pẹrẹsẹ. Safiyat jókòó tì í, ó de tirẹ̀.

"Ẹ ṣé, Bàbá, tí ẹ dúró," ló wí. Èémí rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Àkànbí mi orí, ó wa mọ́tò jáde.

Ó ń sáré díẹ̀ ju bó ṣe máa ń sáré lọ. Kì í ṣe eré àsápajúdé, ṣùgbọ́n Bàbá Bẹ́líìtì àtijọ́ ì bá ti fọn fèrè fún un. Aago mẹ́wàá ń bọ̀, ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀ ju ojú ọ̀nà lọ. Lẹ́yìn, Hadiyyah ń ka Sàbíhì sókè, ìyá rẹ̀ ń bá a tún ohùn rẹ̀ ṣe níbi tó bá ti yẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ṣàó ni ọ̀kadà kan yọ láti ọ̀nà oko pẹ̀lú iṣu tó kún ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bọ́ sójú títì láìwo ọ̀tún, láìwo òsì.

Àkànbí fi gbogbo ara tẹ bíréèkì. Táyà ké. Kúlà mọ́sà fò kúrò lórí àga, ó lu iwájú, ó ṣí, mọ́sà fọ́n ká ilẹ̀ mọ́tò. Fìlà Àkànbí bọ́ lórí, ó lọ kan gíláàsì. Mọ́tò dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ọlọ́kadà náà. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó gbé ọwọ́ sókè láti tọrọ àforíjì, ó sì gbé iṣu rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kékeré kan dún láti ẹ̀yìn.

"Bàbá àgbà, ibo ni mo kà dé?"

Àkànbí kò mọ̀. Ó rọra wa mọ́tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó pa á, ó yí padà. Hadiyyah wà níbi tí ìyá rẹ̀ gbé e sí. Kò yọ̀ lọ síwájú, kò yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Bẹ́líìtì náà fún mọ́ ọn lórí èjìká, ó sì dì í mú ní itan, ọmọ náà sì ń wo òun, ó ń retí ìdáhùn. Ojú Àkànbí lọ sí ọrùn rẹ̀. Ọrùn tín-ín-rín, tí híjáàbù funfun yí ká. Ibẹ̀ gan-an ni bẹ́líìtì wà ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, nígbà tí òun ń sọ pé ta ni yóò dá òun dúró.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọwọ́ àgbà fúnra rẹ̀ ni ìbá wọ́ ọ lónìí.

Ó rántí ọmọbìnrin kan lójú ọ̀nà Jẹ́bà. Ó ti pẹ́, ó tó ọdún mẹ́rìndínlógún. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀, kò ju ẹgbẹ́ Hadiyyah lọ. Mọ́tò bàbá rẹ̀ kò fọ́ púpọ̀, àwọn àgbà inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ ara wọn. Ọmọ náà nìkan ni kò sọ̀ kalẹ̀. Àkànbí ló kọ fọ́ọ̀mù. Ṣé ó de bẹ́líìtì? Ó kọ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Láti ìgbà náà, ó máa ń sọ ìtàn náà fún àwọn èèyàn láti fi hàn pé tí àkókò ẹ̀dá bá tó, bẹ́líìtì kò ràn án. Kàdárà ni, kò sì jiyàn pẹ̀lú kàdárà títí di òní. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù náà kò bi í ní ibi tí bẹ́líìtì gbà, òun náà kò sì wò ó. Àyà rẹ̀ já fún ọmọ aláṣọ ewé náà ní ẹ̀bá ọ̀nà Ṣàó, bí ẹni pé àárọ̀ yìí ni.

"Bàbá," ni Safiyat pè. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí," ló dáhùn.

Ó ń dúró de Safiyat kó sọ ọ́. Ọmọ mìíràn ì bá ti sọ pé ẹ ò rí i, ṣebí mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Safiyat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó mú fìlà bàbá rẹ̀, ó gbọn ún, ó sì gbé e fún un. "Bẹ̀rẹ̀ látòkè," ló sọ fún Hadiyyah. Ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Àkànbí dé fìlà rẹ̀, ó sì wa mọ́tò jẹ́jẹ́ dé Ìlọrin, kò wo aago mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé Pàkátà, aago mẹ́wàá ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Àwọn ọmọ tó fẹ́ kéwú jókòó sábẹ́ kánópì, ọ̀kan ti ń kà lọ́wọ́. Wọ́n ti pe Hadiyyah lẹ́ẹ̀mejì. Alfa Abdulmuiz dúró dìgbà tí ọmọ tó ń kà fi parí, ó wá yí ojú sí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Gbogbo ìjókòó yí ojú pẹ̀lú rẹ̀.

"Alhaji Àkànbí," ló wí, "a retí yín. Kí ló dé?"

Kí Àkànbí tó ya ẹnu, Safiyat ti kúnlẹ̀. "Èmi ni mo dá wọn dúró, Alfa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi jẹ ọmọ náà níyà. Ẹ̀bi mi ni."

Ọ̀nà ti là fún Àkànbí. Tó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọn yóò ní àwọn obìnrin ni, wọ́n ń kun àtíkè, wọ́n ń lé tìróò, wọn kì í tètè ṣe tán. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́, òun tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ kò sì ní jẹ̀bi. Ó wo orúnkún ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì lóòjọ́ kan náà.

"Àríyọ̀, dìde," ló wí. Oríkì rẹ̀ ni, ó sì ti pẹ́ tó ti fi pè é kẹ́yìn. Safiyat gbé ojú sókè, ẹnu yà á.

"Òótọ́ ni pé òun ló dá wa dúró, Alfa. Àga tí ọmọ ń jókòó lé nínú mọ́tò ni kò sí nílé. Mo ní ká máa lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá. Mo bínú sí i, mo pa mọ́tò, ó sì fẹsẹ̀ rìn já Màlété, ó ru àga náà wá lórí." Ó nàka sí Safiyat. "Nígbà tí a fẹ́ dé Ṣàó, ọlọ́kadà yọ sí mi. Ká ní mo borí ọmọ mi yìí láàárọ̀, mi ò mọ irú èèyàn tí ẹ ì bá pè jọ sábẹ́ kánópì yìí, tàbí ohun tí wọn ì bá wá ṣe."

Ẹnìkan láàárín àwọn obìnrin sọ pé alihamdulilahi, àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Alhaji Mùtíù, tí òun àti Àkànbí jọ dúró lójú pópó fún ogún ọdún, sún mọ́ ọn.

"Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje, Bàbá Bẹ́líìtì," ló rọra wí. "Ẹ̀yìn ló kúkú wà. Bẹ́líìtì wà lára ẹ̀. Èmi ì bá gbà kí ẹ kọjá."

"Èmi náà ì bá gbà," ni Àkànbí dáhùn. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Alfa Abdulmuiz wo Hadiyyah, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ tó bá pẹ́ yóò kà kẹ́yìn gbogbo ọmọ, kó lọ jókòó. Òun náà ni ẹni tó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò ṣàlàyé ìdí tí kò fi di ọdún tó ń bọ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ó pẹ́ kó tó kan Hadiyyah. Ìdajì àwọn àlejò ti kọjú sí oúnjẹ, àwọn ọmọdé ti ń sáré kiri pẹ̀lú wàrà lọ́wọ́. Ó dìde nínú híjáàbù funfun rẹ̀, ó di wàláà, pákó ìkéwú rẹ̀, mú, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, kò yẹ̀ níbì kankan. Inú Àkànbí dùn débi pé omi ń lé sí i lójú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ náà ló ń wò. Ìyá rẹ̀ ló ń wò, níbi tó dúró sí lẹ́yìn àwọn obìnrin, tó ń gbé ètè pẹ̀lú súrà náà láìjẹ́ kí ohùn jáde.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu fèrèsé mọ́tò. Ó rí ìkókó lórí itan níwájú, ó rí ọmọdé tó dúró sáàárín àga méjì, ó bẹ̀bẹ̀, ó kọ ìwé fún wọn, ó fọn fèrè títí ẹ̀dọ̀fóró fi dùn ún. Àwọn ìyá a máa wí fún un pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni, wọn a de bẹ́líìtì, wọn a sì tú u kí wọ́n tó kọ kọ́nà. Lójoojúmọ́ ló ń wá ìyá kan ṣoṣo tí yóò ṣe ju ohun tí òun ní kó ṣe lọ, láìsí fèrè, nítorí ọmọ rẹ̀ nìkan. Ó wá a títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àárọ̀ yìí ló rí i, lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́nu fèrèsé mọ́tò tirẹ̀, Àkànbí fúnra rẹ̀ ló sì pa ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ rìn.